Ṣé Gbogbo Irin Tó Ń Dán Ni Sitéńlẹ́sì? Àlàyé Lórí Ohun Tí A Ó Fi So Páìpù Gọ́tà Ọjà Wa

  

Gbogbo wa la gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé tó kọjá. Owó tí a dá láti fi tún páìpù ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn olóúnjẹ ṣe ti pé lọ́wọ́ akápò. Ariwo tó kù ni pé, kí la fẹ́ fi rà? Àwọn kan ní kí a ra èyí tó dára. Àwọn kan ní kí a ra èyí tó pọ́ọ́kú. Ìyá kan tiẹ̀ ní kí a tún fi tíúbù táyà wé e, kí a yí sìmẹ́ńtì lé e bíi ti tẹ́lẹ̀, kí a pín owó tó bá ṣẹ́kù. Ìyálọ́jà wá ní kí èmi akọ̀wé yín kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn yìí, kí olúkúlùkù lè kà á nílé. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un, kí a tó tún pàdé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé mò ń polówó ọjà ara mi o. Lóòótọ́, páìpù ike àti àwọn èèlò rẹ̀ ni mo ń tà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, n kì í tà á, n kò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí wàhálà wà. Páìpù tó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí sókàwéè, páìpù amọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ilé ìjọba láyé àwọn òyìnbó. Amọ̀ tí wọ́n sun ni, ó nípọn, kì í jẹrà. Èyí tí a fi kún un nígbà tí a kọ́ àwọn ìsọ̀ tuntun, páìpù ike ni, èyí tí wọ́n ń pè ní PVC. Àwọn méjèèjì, ínṣì mẹ́rin ni a ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, ẹ ó rí i pé ti amọ̀ sanra ju ti ike lọ dáadáa. Ínṣì mẹ́rin tí à ń sọ yẹn, inú ihò ni à ń wò, a ò wo ara. Ara ike fẹ́lẹ́, nítorí náà bí ẹ bá wọn ìbú rẹ̀ láti ìta, 110 mìlímítà ni. Ti amọ̀ tiwa tí a wọ̀n, ó tó 130.

Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni wọ́n fi tíúbù wé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò. Sìmẹ́ńtì kì í lẹ̀ mọ́ ike dáadáa. Kì í sì í tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ń rìn. Òjò rọ̀, ilẹ̀ wú. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ilẹ̀ súnkì. Ọkọ̀ tó ń já tòmátì náà tún gorí rẹ̀. Bí ike bá ti yẹ̀ díẹ̀ báyìí, sìmẹ́ńtì á là, omi ìdọ̀tí á máa jò síta, iyanrìn á máa wọlé, títí páìpù á fi dí pátápátá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dá owó lórí ibì kan náà lọ́dọọdún.

Kànga tí àwọn olóúnjẹ ń pọn kò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní ọdún 2021, àwọn tí àjọ NCDC kà pé wọ́n fura pé onígbáméjì pa ní Nàìjíríà ju 3,500 lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó tún jà ní Èkó, gbogbo wa la gbọ́ ọ lórí rédíò. Omi ìgbẹ́ tó bá dé inú omi mímu ni ọ̀nà tí àrùn yìí fi ń rìn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe olóúnjẹ nìkan ni wolé-wolé máa wá bá. Gbogbo ọjà ni wọ́n máa tì pa, aláṣọ, aláta, ẹlẹ́pà, gbogbo wa.

Ohun tí púlọ́ńbà ní kí a rà ni wọ́n ń pè ní kọ́pílìn ridúsà. Rọ́bà dúdú kan tó nípọn ni, ó rí bí ìsàlẹ̀ apá ẹ̀wù, ẹnu kan fẹ̀, ẹnu kejì há. Ẹ ó ki páìpù amọ̀ bọ ẹnu tó fẹ̀, ẹ ó ki ike bọ ẹnu tó há. Bẹ́líìtì irin wà ní ẹnu méjèèjì, ó ní síkúrù tí a fi ń fún un títí rọ́bà á fi di páìpù mú pinpin. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí omi jò. Nítorí pé rọ́bà ni, bí ilẹ̀ bá rìn díẹ̀, òun náà á tẹ̀ lé e.

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ní bẹ́líìtì méjì nìkan, àárín rẹ̀ rọ́bà lásán ni. Èkejì ní irin pẹlẹbẹ gbígbòòrò tí wọ́n fi wé àárín rọ́bà náà. Irin àárín yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí páìpù kan má baà rì sílẹ̀ kí èkejì dúró sókè. Fún ibi tó wà lókè ilẹ̀, tí a lè fi irin gbé páìpù dúró mọ́ ògiri, èyí tí kò ní irin àárín lè ṣe é. Fún abẹ́ ilẹ̀, ní ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, èmi ò ní fọwọ́ sí i pé kí a ra èyí tí kò ní i.

Orúkọ ridúsà yìí náà máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Wọ́n rò pé ṣe ni a fẹ́ dín ọ̀nà omi kù. Rárá. Tiwa yìí, ihò inú páìpù méjèèjì bára dọ́gba, ara ìta nìkan ni kò dọ́gba. Níbi tí ihò ò bá sì dọ́gba lóòótọ́, bíi ti ibi ìfọwọ́ tó jẹ́ ínṣì méjì tó ń bọ̀ wá bá ínṣì mẹ́rin, inú kékeré ni omi gọ́tà gbọ́dọ̀ ti máa bọ́ sínú ńlá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba omi láti inú ínṣì mẹ́rin bọ́ sínú ínṣì mẹ́ta, nítorí pé èèpo ata, ìpẹ́ ẹja àti ọ̀rá tó ti rìn wọ̀ọ̀rọ̀ láti òkè wá, ẹnu ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa jókòó sí. Bí púlọ́ńbà kankan bá ní òun fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ínṣì mẹ́rin ti tán lọ́wọ́ òun, ẹ ní kó dúró ná.

Ẹ sì gbọ́ o, ibi ìfọwọ́ yẹn, ike àti ike ni. Níbi tí ike bá ti pàdé ike, kò sí ìdí tí a ó fi náwó sórí sitéńlẹ́sì. Ridúsà ike àti gọ́ọ̀mù ti tó o. Mò ń ta ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ lè rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, inú mi ò ní bàjẹ́.

Nísinsìnyí, báwo la ṣe máa mọ ìwọ̀n tí a ó rà? Ẹ má lọ sọ́jà kí ẹ ní “ẹ fún mi ní ti ínṣì mẹ́rin.” Ohun tí yóò bá yín délé kò ní wọ páìpù. Ara ìta ni kọ́pílìn ń dì mú, ara ìta la sì gbọ́dọ̀ wọ̀n. Ẹ mú tépù aránṣọ, ẹ fi yí páìpù po bí ìgbà tí aránṣọ bá ń wọn ìdí oníbàárà. Ohun tí ẹ bá kà, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà méje, kí ẹ wá pín in sí 22. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí. Àyíká páìpù amọ̀ wa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 41. Ìgbà méje 41 jẹ́ 287. Ẹ pín in sí 22, ó fún wa ní 13 àti díẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 13 ni 130 mìlímítà. Ti ike, àyíká rẹ̀ jẹ́ 34 àti ààbọ̀; ẹ ṣe é bákan náà, 11 ló máa jáde, ìyẹn 110. Ọ̀nà yìí dára ju kí a gbé rúlà lé ẹnu páìpù lọ, nítorí pé páìpù amọ̀ kì í sábà rí róbótó dáadáa, rúlà á sì purọ́.

Ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi tí rọ́bà máa jókòó sí gan-an, kì í ṣe ní ibi tí páìpù ti wú lẹ́nu. Ẹ fọ ẹrẹ̀ àti sìmẹ́ńtì àtijọ́ kúrò kí ẹ tó wọ̀n.

Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà méjì méjì sí ara kọ́pílìn fún ẹnu kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kọ 110 sí 122 sí ẹnu kan, tí wọ́n kọ 121 sí 136 sí ẹnu kejì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnu àkọ́kọ́ lè di páìpù tó bá wà láàárín 110 sí 122 mú, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu kejì. Ike wa tó jẹ́ 110 àti amọ̀ wa tó jẹ́ 130 á wọ irú rẹ̀. Bí nọ́ńbà páìpù yín bá kọjá ti ara rọ́bà, kódà kó jẹ́ mìlímítà mélòó kan péré, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé “á fà.” Bí ó bá sì kéré jù, bẹ́líìtì á ká rọ́bà pọ̀ bí gèlè tí wọn kò wé dáadáa, omi á sì gba ojú ibi tó ká yẹn jáde.

Ó di orí irin. Ibí yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù.

Irin tí à ń pè ní sitéńlẹ́sì, irin tí wọ́n po kúrómíọ̀mù mọ́ ni, ó kéré tán 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Harry Brearley, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló po irú rẹ̀ ní ọdún 1913 nígbà tó ń wá irin tí inú ìbọn kò ní tètè jẹ. Ibi tó ti wá wúlò jù ni ọ̀bẹ àti síbí, àti ìkòkò tí àwọn ìyàwó ilé ń bẹ̀ wá rà lọ́dọ̀ wa. Kúrómíọ̀mù yìí máa ń fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo irin, awọ tí ojú ò lè rí. Bí nǹkan bá ha á, atẹ́gùn á kàn án, awọ náà á tún hù. Ìdí rẹ̀ tí kì í fi dípẹtà bọ̀rọ̀ nìyẹn. Ohun tó máa ń dá awọ náà lu ni iyọ̀, àti bílíìsì tí àwọn kan máa ń dà sí gọ́tà bí omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta síbí, ẹ mọ 18/8 tí wọ́n ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kúrómíọ̀mù 18, níkẹ́ẹ̀lì 8 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Irú irin yẹn náà ni àwọn oníirin ń pè ní 304. Èyí tó tún lágbára jù ú lọ ni 316. Wọ́n fi mọlíbídínọ̀mù kún tirẹ̀, bíi 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí àtigba ìyà iyọ̀. Ó wọ́n ju 304 lọ. Ojú ìsopọ̀ méjì la ní. Èyí tó wà lẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ja, omi iyọ̀ ń dà síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ibẹ̀ ni mo ní kí a fi 316 sí. Èyí tó wà lẹ́yìn olóúnjẹ, 304 tó fún un. Àwọn ẹgbẹ́ ọjà tó wà létí òkun àti ọ̀sà, bí Badagry àti Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n ro ti 316 fún gbogbo rẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tí ń jẹ́ 201. Ó ń dán bákan náà. Níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kéré, máńgánísì ni wọ́n fi dípò rẹ̀, ó sì tètè ń dípẹtà ju 304 lọ. Bí ẹ bá gbé méjèèjì sí orí tábìlì, ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbàgbọ́ nínú òòfà, èyí tí a máa ń yọ nínú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Wọ́n ní bí òòfà ò bá ti mú irin, sitéńlẹ́sì ni. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òòfà kì í sábà mú 304 àti 316, àfi ní ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tàbí tí wọ́n ti lù ú, ó lè fà á díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í mú 201 náà! Sitéńlẹ́sì mìíràn sì wà, 430, tí òòfà ń gbá mú gírígírí. Nítorí náà, ẹ máa mú òòfà dání, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe adájọ́. Ibi tó ti wúlò jù ni síkúrù.

Mo lọ wo ọjà náà ní ìsọ̀ kan ṣáájú kí n tó kọ èyí. Mo fi òòfà kan bẹ́líìtì, kò mú un. Mo fi kan síkúrù, ó gbá a mú pàá! Mo ní, “Ọmọ mi, síkúrù yìí ń kọ́?” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màámi, ẹ má da ara yín láàmú, ṣebí abẹ́ ilẹ̀ ló ń lọ. Ta ló máa rí i?” Mo ní abẹ́ ilẹ̀ tó ń lọ gan-an ni ẹjọ́ mi. Bí síkúrù bá jẹrà, bẹ́líìtì á tú, ì báà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi ṣe bẹ́líìtì. Ó dà bí ẹni tó wọ aṣọ àrán tó wá so okùn mọ́ ṣòkòtò.

Àmì kan wà tó máa yanjú èyí. Wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà W àti nọ́ńbà sí ara bẹ́líìtì tó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó dára. W1, irin lásán tí wọ́n ra síńkì sí lára ni. W2, bẹ́líìtì rẹ̀ sitéńlẹ́sì, síkúrù rẹ̀ kì í ṣe sitéńlẹ́sì. Irú èyí tí ọmọ yẹn fẹ́ tà fún mi gan-an. W3, 430 ni tòun. W4, àti bẹ́líìtì àti síkúrù, 304 ni gbogbo rẹ̀. W5, 316 ni gbogbo rẹ̀. Fún tiwa, W4 fún ẹ̀yìn olóúnjẹ, W5 fún ẹ̀yìn ẹlẹ́ja. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kékeré fún akápò. Bí síkúrù bá dá dúró lọ́tọ̀, A2 tí wọ́n kọ sí orí rẹ̀ bá 304 dọ́gba, A4 bá 316 dọ́gba.

Bí kò bá sí àmì kankan lára rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ra ẹyọ kan péré. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa gbé e jáde sí atẹ́gùn kí ẹ tún dá a padà. Síkúrù tó bá jẹ́ irin lásán á pọ́n rẹ́súrẹ́sú lójú yín. Kì í ṣe pé èyí tó bá yege ti di 316 o, ṣùgbọ́n ẹ ó ti mọ èyí tí ẹ kò ní rà.

Rọ́bà náà ní oríṣi. Èyí tó wọ́pọ̀ ni EPDM. Ó ń gba omi gbígbóná, ó ń gba ọṣẹ, kì í tètè gbó. Ọ̀tá rẹ̀ ni epo, pàápàá epo ẹ̀rọ àti dísù. Epo á mú kí ó wú kí ó sì rọ̀. Ẹ̀yin ẹlẹ́lọ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí níbi o. Epo dúdú tí ẹ ń yí jáde nínú ẹ̀rọ, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe inú gọ́tà la ń dà á sí. Rọ́bà tó ń gba epo ni wọ́n ń pè ní nítríìlì. Bí ẹ̀ka ti ẹ̀yin ẹlẹ́lọ bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún tó ń bọ̀, irú rẹ̀ la ó bèèrè fún. Ẹ̀yin alámàlà náà, omi tó ń hó kùtùkùtù tí ẹ ń dà sí ẹnu páìpù, rọ́bà lè gbà á, ṣùgbọ́n ike PVC á rọ̀, á wọ́. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ná.

Ní ti bí wọ́n ṣe máa dè é, púlọ́ńbà mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró tì í, kí ó wo àwọn nǹkan wọ̀nyí. Kí ó gé páìpù gún régé, kí ó fi fáìlì ra etí rẹ̀ kí ó má baà ya rọ́bà. Omi ọṣẹ ni kí ó fi pa á kí ó lè wọlé, kì í ṣe gírísì, kì í ṣe òróró. Kí páìpù méjèèjì wọlé dọ́gba títí dé àárín. Kí ó máa fún síkúrù díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Kó má fún ọ̀kan parí kó tó kan èkejì.

Ohun kan tí wọ́n sábà máa ń gbójú fò ni ìsàlẹ̀ páìpù. Amọ̀ jẹ́ 130, ike jẹ́ 110. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ihò ike á fi sẹ̀ǹtímítà kan wà nísàlẹ̀ ju ihò amọ̀ lọ, ẹnu amọ̀ á dà bí ẹnu ọ̀nà tó ní ìdènà, gbogbo ìdọ̀tí á máa kọsẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n fi iyanrìn gbé ike sókè ní sẹ̀ǹtímítà kan yẹn, kí ihò lè bá ihò dọ́gba. Páìpù gbọ́dọ̀ dagun pẹ̀lú. Fún ínṣì mẹ́rin, bí ó bá rìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní ínṣì mẹ́ta.

Kọ́pílìn yìí kì í ṣe fún páìpù omi ẹ̀rọ tí pọ́ǹpù ń tì o. Omi gọ́tà tó ń ṣàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Kí ẹnikẹ́ni má gbé èyí tó bá ṣẹ́kù lọ dí páìpù tánkì ilé rẹ̀.

A ó gbẹ́ ilẹ̀ ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kìíní oṣù tó ń bọ̀, kí àwọn olóúnjẹ tó dáná. Aránṣọ méjì ti gbà láti mú tépù wá, kí olúkúlùkù lè rí nọ́ńbà náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kí akápò tó kó owó jáde. Kí ẹni tó ń lọ rà á jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n gba rìsíìtì tí wọ́n kọ W4 àti W5 sí. Nígbà tí wọ́n bá dè é tán, kí wọ́n má tíì kó erùpẹ̀ bò ó. Kí wọ́n dí ìsàlẹ̀ páìpù, kí wọ́n rọ omi kún un, kí wọ́n jẹ́ kó dúró fún bíi wákàtí kan. Ìyá Ẹlẹ́ja àti èmi ni a ó jókòó tì í. Bí omi bá dínkù tàbí bí rọ́bà bá tutù lára, púlọ́ńbà kò tíì gba owó rẹ̀ tó kù nìyẹn.